Ṣé ohun kan wà tí Ọlọ́run ò lè ṣe?

Ìbéèrè kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga nílùú Ìlọrin. Bí àríyànjiyàn bá ti wọ̀ wọ́n lára lálẹ́, ẹnì kan á gbé e dìde: ṣé Ọlọ́run lè dá òkúta kan tó wúwo débi pé Òun fúnra Rẹ̀ ò ní lè gbé e? Bí o bá ní Ó lè dá a, wọ́n á ní a jẹ́ pé òkúta kan wà tí apá Rẹ̀ ò ká. Bí o bá ní kò lè dá a, wọ́n á ní ṣebí ìwọ lo sọ pé kò sóhun tí kò lè ṣe.

Èsì méjì ni àwọn àgbà sábà máa ń fún wọn. Ọ̀kan ni "A-ùsúbílà! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" Èkejì ni "Ọlọ́run lè ṣe gbogbo nǹkan, ó tán." Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bèèrè ò bú Ọlọ́run. Ó fẹ́ mọ irú Ẹni tí òun ń forí kanlẹ̀ fún lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni. Bí a bá jágbe mọ́ ọn, yóò gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ síbi tí wọn ò ti ka Ọlọ́run sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì ti fún un lésì.

Ilé kéú wa ní Pàkátà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọkùnrin kan tó jù wá lọ, tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ló gbé ọ̀rọ̀ òkúta yìí wá bá Alfa. Gbogbo wa rò pé ẹgba ló máa fi gbà. Alfa mú wàláà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tó ti gbẹ, ó nà án sí i, ó sún ìgò tàdáwà mọ́ ọn.

"Kọ Bísímílà síbí yìí." Ó fi ìka han ibẹ̀. "Lẹ́ẹ̀kan náà, má kọ nǹkan kan síbẹ̀."

Ọmọkùnrin náà wo wàláà, ó wo ojú Alfa. "Alfa, kò ṣeé ṣe."

"Ṣé ọwọ́ ló ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé tàdáwà ò tó ni?"

"Ó tó, sà."

"Kí ló wá dé?"

Ó ronú títí. "Ohun tí ẹ ní kí n ṣe yẹn, kò sí níbẹ̀ láti ṣe."

Alfa gba wàláà rẹ̀, ó ní kí ó lọ jókòó, pé ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Èèyàn lè to ọ̀rọ̀ jọ kó dún bí àṣẹ, kó má sì sí iṣẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀. Òkúta tí Ẹni tó lè gbé gbogbo òkúta ò lè gbé: bá mi wá ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí. O ò ní rí i. Kì í ṣe pé wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún Ọlọ́run tí kò rí i ṣe. Wọn ò tíì dárúkọ iṣẹ́ kankan ni.

Alfa ò dá ọgbọ́n yẹn dá. Nígbà tí mo dàgbà ni mo mọ ibi tó ti wá. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Muhammad al-Sanusi, ará Tilimsan ní ilẹ̀ tó ti di Àlùjíríà lónìí, tó kú ní nǹkan bí 1490. Ó kọ ìwé kékeré kan nípa ohun tó yẹ kí Mùsùlùmí gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run. Ìwé náà rìn káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ilé kéú dé ilé kéú. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ti pín gbogbo ohun tí làákàyè lè dá lẹ́jọ́ sọ́nà mẹ́ta: wájíbù, ohun tí kò lè ṣe kó má wà, mùsìtàhílù, ohun tí kò lè wà láéláé, àti jáísù, ohun tó lè wà, tó sì lè má wà. Èmi, ìwọ, Òkè Sóbì, odò Àsà, jáísù ni gbogbo wa. Nígbà tó wá dé orí agbára Ọlọ́run, ó ní jáísù ni agbára náà ń ṣiṣẹ́ lé, gbogbo jáísù pátá láìku ẹyọ kan. Kò de agbára náà mọ́lẹ̀ rárá. Bí a bá ní agbára Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí kò lè wà, a ti sọ pé Ó lè pa ara Rẹ̀ rẹ́ nìyẹn, tàbí kí Ó sọ ẹ̀dá kan di Ọlọ́run tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó rò pé òun ń gbé Ọlọ́run ga ló wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà.

Apá ibòmíràn nínú ẹbí mi kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin jẹ́ àlùfáà ìjọ ECWA, Ìgbájà ló ti kàwé, nílé ẹ̀kọ́ ìsìn tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1941. Bí mo bá lọ kí wọn, ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń gbà wá lálẹ́. Nígbà tí mo sọ ti wàláà fún wọn, wọ́n ní ohun tí Tọ́másì Aquinas, tó kú ní 1274, fi kọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà nìyẹn: dípò kí á ní Ọlọ́run ò lè ṣe é, kí á kúkú ní ohun náà ni kò ṣeé ṣe. Wọ́n wá ṣí Bíbélì sí Tímótì Kejì orí 2 ẹsẹ 13, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé Ọlọ́run ò lè sẹ́ ara Rẹ̀. "Ṣé o rí i," wọ́n ní, "Bíbélì fúnra ẹ̀ ò bẹ̀rù láti sọ pé 'kò lè'."

Àwọn kan ò gbà bẹ́ẹ̀ o, wọn kì í sì í ṣe ọmọdé. Ní 1630, Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mersenne pé Ọlọ́run ló fi òfin ìṣirò pàápàá lélẹ̀, bí ọba ṣe ń fi òfin lélẹ̀ nílùú rẹ̀, àti pé bí Ó bá fẹ́, Ó lè ṣe é kí gbogbo ìlà láti àárín òbírí dé etí rẹ̀ má gùn bákan náà. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá ní òtítọ́ kan wà tí kò ti ọwọ́ Ọlọ́run wá ti sọ Ọ́ di irú òrìṣà àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ tó wà lábẹ́ àyànmọ́. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Mùsùlùmí kan, Ibn Hazm ará Andalusia, tó kú ní 1064, ti sọ ohun tó jọ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Bí Ọlọ́run bá lè mú kí ohun tó tako ara rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé Ó lè mú ìlérí ṣẹ kí Ó sì yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè dárí jì ọ́ láìdárí jì ọ́. Ó lè sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ, kó jẹ́ òótọ́, kó má sì jẹ́ òótọ́. Kí ló wá kù tí ìyá tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà gbàdúrà lóru fẹ́ dì mú? Kùránì sọ ní Súrà Kẹta ẹsẹ 9 pé Ọlọ́run kì í yẹ àdéhùn. Ní Súrà Kẹfà ẹsẹ 54, ó ní Olúwa yín ti kọ àánú lé ara Rẹ̀ lórí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ lé E lórí. Òun fúnra Rẹ̀ ni. Yorùbá ń kì í ní Aṣèyówùú, a tún ń kì í ní Awímáyẹhùn, ẹnu kan náà ni a sì fi ń kì í méjèèjì. Ẹni tó bá fa oríkì àkọ́kọ́ títí tó fi já èkejì ti gba ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́wọ́ àwọn tálákà ayé, agbára tó fẹ́ fi bu ọlá fún Ọlọ́run ò sì lè dí àlàfo náà. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, òun ló mú mi kọ ọ́.

Àdúrà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde sójú ayé jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìròyìn kàn wá pé ọkọ̀ elérò kan àti tírélà ti kọlu ara wọn lójú ọ̀nà Jẹ́bà. Àbúrò bàbá mi ti wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé òun ń lọ Mìnà. A pè é títí, fóònù ò lọ. Ìyá bàbá mi wà lórí ẹní ìrun, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń wí pé, "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀ tiwọn. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀ tiwọn."

Bí wọ́n ṣe ń gba àdúrà yẹn, ìjàǹbá ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀ tán. Bóyá ó wà nínú ọkọ̀ náà, bóyá kò sí níbẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó ti di àná. Kí ni wọ́n wá ń tọrọ? Àwọn àgbà ẹ̀sìn Júù ti gbé irú èyí yẹ̀ wò nínú Mishnah, ìwé òfin ẹ̀sìn wọn, tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù: ẹni tó ń ti ìrìn-àjò bọ̀, tó gbọ́ igbe nínú ìlú, tó wá ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ilé mi", àdúrà asán ló gbà. Mo mọ ohun tí wọ́n rí. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti bọ́ lẹ́nu, ẹyin tó fọ́ ni.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé asán ni àdúrà ìyá bàbá mi. Ọlọ́run tó mọ ohun tí wọ́n máa tọrọ lọ́sàn-án mọ̀ ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí Ó ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀ ò tako ara rẹ̀ rárá. Wọn ò sọ pé kí Ó tú àná ká. Wọ́n ń tọrọ ohun tí Ó ti lè ro ẹ̀bẹ̀ wọn mọ́. Ohun tí kò sí níbẹ̀ láti tọrọ ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé òkú dé ilé, kí òkú náà má tíì kú rárá. Ẹ sì wò ó, kò sẹ́ni tó máa ń tọrọ rẹ̀. Mo ti dúró nídìí sàréè lọ́pọ̀ ìgbà nílùú yìí, mi ò tíì gbọ́ kí Alfa kan gbàdúrà pé kí ikú àná má ṣẹlẹ̀ lánàá. Ìdáríjì ni wọ́n ń tọrọ fún òkú, àti kí ilẹ̀ fẹ̀ fún un, àti sùúrù fún àwọn tó kù. Àwọn tó ń ṣe àmín níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò ka al-Sanusi rí. Àjíǹde pàápàá ò tú àná ká: Lásárù tí Jésù jí dìde ti kú ní tòótọ́, ó sì ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì.

Àbúrò bàbá mi pè wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bódè-Sáadú ló ti sọ̀ kalẹ̀, iná fóònù rẹ̀ ló tán.

Bí ohun tó tako ara rẹ̀ kì í bá ṣe nǹkan, ohun tó tako bí ayé ṣe ń lọ ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń da ọ̀rọ̀ pọ̀, àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn tí kò gbàgbọ́. Imam al-Ghazali, tó kú ní 1111, sọ nínú ìwé tó fi bá àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí jiyàn pé iná àti òwú lè kanra kí òwú má jó. Ohun tí ojú wa ń rí kò ju pé òwú jó nígbà tí iná kàn án; ojú ò rí dandan kankan tó so méjèèjì pọ̀. Ọlọ́run ló ń dá jíjó náà, Ó sì ti ń dá a bẹ́ẹ̀ tó fi mọ́ wa lára. Ìdí nìyẹn tí iná fi lè tutù fún Ànábì Ibrahim bí Súrà Kọkànlélógún ṣe sọ ọ́. Al-Ghazali kan náà, nínú orí kan náà, ló tún sọ pé ohun tó tako ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ agbára ẹnikẹ́ni: a kò lè sọ pé nǹkan wà kí á tún sọ pé kò sí lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i pé ó sọ méjèèjì papọ̀. Ibn Rushd, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan tó kú ní 1198, bá a jà lórí òwú àti iná, ó ní ẹni tó bá sẹ́ okùnfà ti sẹ́ làákàyè. Èmi rò pé ó le ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀. Ìṣe tó ti mọ́ ayé lára ò di dandan nítorí pé ó ti pẹ́.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ. Ẹbí wa jókòó lé ọ̀rọ̀ kan bí èyí lórí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkùnrin kan láti Ọ̀ffà fẹ́ fẹ́ra wọn, wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó jáde pé AS ni àwọn méjèèjì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, kó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Kì í ṣe pé ọmọ mẹ́ta á kọ́kọ́ bọ́ o. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ní ìṣirò tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa náà ló sì ń bí ọmọ SS jù láyé.

Bàbá kan nínú ẹbí dìde. Wọ́n ní, "Ọlọ́run tó ní kí iná tutù fún Ànábì Ibrahim, ṣé Òun ni kò ní lè mójú tó ẹ̀jẹ̀?" Ilé dákẹ́. Ta ló fẹ́ dìde sọ pé Ọlọ́run ò lè ṣe é?

Alfa wa wà níbẹ̀, Alfa oníwàláà yẹn, ó ti darúgbó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ó lè ṣe é. Ẹni tó bá ní kò lè ṣe é ti ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n Ànábì Ibrahim ò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú iná láti lọ wò ó bóyá ó máa tutù. Wọ́n gbé e jù sí i ni." Ó wá yíjú sí gbogbo ilé. "Ẹ ti mọ̀ pé Ó lè ṣe é. Ìlérí wo ni Ó ṣe fún yín pé Òun máa ṣe é?"

Kò sẹ́ni tó ní ìlérí kankan lọ́wọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì yà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò bá ọ̀pọ̀ nínú wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mi ò sì dá a lẹ́bi, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà já lé léjìká nígbà tí àwa padà sílé wa. Síbẹ̀ mo gbà pé ohun tí Alfa sọ ló tọ́. "Ó lè ṣe é" kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó yẹ kó ṣe. Gbogbo jáísù ni Ọlọ́run lè ṣe, bí ọmọ náà ṣe lè jẹ́ AA sì ni ó ṣe lè jẹ́ SS. Bí Ọlọ́run ṣe ń tọ́jú ayé lójoojúmọ́, ọwọ́ Rẹ̀ náà ni, Òun ló sì jẹ́ kí á lè kà á nínú ẹ̀jẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò.

Ìṣe yẹn kì í ṣe ògiri tí kò lè wó o. Ní 2023, ìjọba Bírítéènì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fòníkúfọ̀ladìde fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ ga ju orí ẹnikẹ́ni ládùúgbò mi lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà. Ohun tí àwọn kan ń pè ní "bí ayé ṣe rí nìyẹn", ọwọ́ ènìyàn ti ń yí i. Síbẹ̀ kò sí ilé àyẹ̀wò kan tó máa ṣe ẹni tó jẹ́ AS tí kò sì jẹ́ AS ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ibi tó le jù ló kù. Àwọn kan fẹ́ gba Ọlọ́run sílẹ̀ lórí àrùn yìí. Wọ́n á ní kò sí bí Ó ṣe lè ṣe é. Ní 1954, onímọ̀ ìṣègùn kan, Anthony Allison, fi hàn pé ẹni tó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ìyẹn ló jẹ́ kí jíìnì náà pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa. Wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, ààbò ni Ọlọ́run fẹ́ ṣe, SS ni owó tí a ń san lé e.

Mi ò lè gba èyí, ohun tí mo ti kọ láti òkè ni kò jẹ́ kí n gbà á. Ẹ̀fọn kì í ṣe wájíbù. Ibà kì í ṣe wájíbù. Ayé tí ọmọ ò ti ní máa jẹ̀rora nítorí ẹ̀jẹ̀ tó jogún ò tako ara rẹ̀ níbì kankan. Ọlọ́run tí bí ayé ṣe ń lọ ò dè lọ́wọ́, kò sí ẹni tó lè fi bí ayé ṣe ń lọ bá A tọrọ gáfárà. Al-Sanusi ò gbìyànjú rẹ̀. Ó ní kò sí jáísù kan tó pọn dandan fún Ọlọ́run láti ṣe tàbí láti fi sílẹ̀. Mo gbà pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá kan ní Tánkè tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS, mi ò sì ní sọ gbólóhùn yẹn létí rẹ̀. Mo ti rí i lóru tí ìrora mú ọmọ náà ní ẹsẹ̀: ó fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná di orúnkún rẹ̀, ó ń fún un lómi mu díẹ̀díẹ̀, ó ń ka wákàtí tó kù kó tó lè tún fún un lóògùn. Ìyá yìí ò bèèrè ọ̀rọ̀ òkúta rí. Ó máa ń bèèrè ìdí tó fi jẹ́ ọmọ òun.

Mi ò ní èsì fún un, mi ò sì tíì rí ìwé tó ní in. Bí mo bá ń gbàdúrà fún ọmọ náà, ẹsẹ 54 Súrà Kẹfà yẹn ni mo máa ń dì mú: "O ti kọ àánú lé ara Rẹ lórí." Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà pẹ̀lú "O lè ṣe é" mọ́. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ohun tí Ó kọ lé ara Rẹ̀ lórí ni mò ń bi Í.